Kíréènì Tí Kò Ní Àga

Àpótí náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, igun rẹ̀ kan ti wó.
Apínlẹ́tà rẹ́rìn-ín: "Bàbá Gerard, ẹrù ọmọdé tún dé."
Mo fọwọ́ sí ìwé, n kò fèsì.
Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tó ń ra bíríkì oníke
kì í ro ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ojúlówó rẹ̀, èyí tí gbogbo Gdynia mọ̀,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó ìfẹ̀yìntì oṣù kan tán.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
n kò mọ ilé tí àwọn wọ̀nyí wò,
orúkọ wọn kò ṣeé pè lẹ́nu mi,
lẹ́tà pupa gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí.
Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta owó ojúlówó ni.
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹgbàá ègé ó lé mẹ́rìnlá, nínú ọ̀rá mọ́kànlélógún,
kò sí nọ́ńbà lára ìkankan.
Mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ìdáná, ó hó bí yìnyín lórí páànù.
Halszka gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò níbẹ̀,
ó ní òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí òun lè bá ẹni tí orí rẹ̀ pé sọ̀rọ̀.

Ó ń rùn díẹ̀. Mo ṣí fèrèsé, atẹ́gùn òkun wọlé,
nígbà tó fi di alẹ́, ó ti lọ.
N kò yọ máàkì nítorí òórùn:
gírísì ni mo ń rùn fún ọgbọ̀n ọdún,
síbẹ̀ ẹnìkan ń fẹnu kò mí lẹ́nu.

Bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra ńkọ́? Típẹ́típẹ́.
Èékánná mi ya níbi tí mo ti ń tú àṣìṣe ojú-ewé ogójì.
Àmọ́ pupa rẹ̀, pupa méjì ni!
Ọ̀kan bí ẹ̀jẹ̀, èkejì bí ọbẹ̀ bíìtì tí wọ́n bomi là.
Lábẹ́ iná kò hàn. Ẹ má gbé e sún mọ́ fèrèsé.

Ọ̀pá dúdú kan kò sí. Mo kọ̀wé sí wọn,
wọ́n fi márùn-ún ránṣẹ́, pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ̀rọ túmọ̀:
"Bàbá àgbà ọ̀wọ́n, ọkàn wa wó lulẹ̀ nítorí ọ̀pá rẹ."
Ojúlówó kò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí.

Alojzy wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí,
kò lè to nǹkan, ó kàn ń ṣa funfun kúrò lára eérú.
Nígbà tí apá kíréènì na jáde, tí ìkọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lórí òwú,
ó yọjú wo yàrá awakọ̀ kékeré náà, ó ní:
"Gerard, níbo lo máa jókòó sí?"

Kò sí àga. Sítíárìn ni wọ́n fi síbẹ̀,
bí ẹni pé à ń wa kíréènì lọ sóko!
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó níbẹ̀,
ogójì mítà sókè, omi dúdú nísàlẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo wà tí rédíò fi sọ pé Halszka ti bí Kinga.
Irin tọ́ọ̀nù mẹ́jọ ló so kọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà;
mo sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé òun ni ọmọ náà.

Mo gun àjà lọ wá páálí ìṣeré Kinga.
Bíríkì búlúù kan wà níbẹ̀, ojúlówó, àpá eyín ọmọ lára rẹ̀.
Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó dì mú; wọn ò bi ara wọn ní orúkọ.
Méjì nínú ọ̀pá dúdú tó ṣẹ́kù di ọwọ́ ìdarí,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bó ṣe yẹ kó rí.

Méje àbọ̀ nínú mẹ́wàá.
Àbọ̀ yẹn, ti Alojzy ni.
Sítíárìn wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi;
ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó nílò rẹ̀, kó wá mú un.